Kókó Méje Nínú Báàgì Nọ́ọ̀sì

Màmá Síìpù kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé báàgì tó ti ìrìn-àjò bọ̀ wá fún un, kí ẹ wá wo iṣẹ́! Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ kankan fún un o. Yóò gbé e sórí tábìlì, yóò yí i síhìn-ín, yóò yí i sọ́hùn-ún, yóò fi àtàǹpàkò tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn rẹ̀ bíi dókítà: "Èyí já bọ́ láti òkè, ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi balẹ̀. Táyà yìí ò yí mọ́, ṣe ni wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀. Síìpù yìí ò sì gbó rárá. Ẹ ti ki ẹrù bọ̀ ọ́ jù, ẹ wá jókòó lé e kó lè pa dé." Oníbàárà á la ẹnu sílẹ̀. Ta ló sọ fún un? Òótọ́ ni, ó jókòó lé e! Ìyàwó rẹ̀ tiẹ̀ bá a jókòó lé e.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ó dojú kọ ibùdókọ̀ tí àwọn èrò ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Síìpù ló bo ògiri, gígùn àti kúkúrú, oníke àti onírin, ó to wọ́n láti orí dúdú dé orí funfun. Táyà báàgì wà nínú agolo mílíìkì mẹ́fà, agolo kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúdú, ẹlẹ́sẹ̀ ni, ọrùn rẹ̀ gùn débi pé ó lè ki orí bọ inú báàgì ńlá bí ẹni ń wá nǹkan nínú ìkòkò. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, inú ìwé ìjọba nìkan ló kù sí. Síìpù tí gbogbo ayé ti gbà pé ó ti kú, yóò fi ẹ̀mú fún orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi àbẹ́là ra eyín rẹ̀, yóò fà á, ṣìììì! Ó tún ti jí nìyẹn. Kí ni wọn ì bá sì máa pè é bí kò ṣe Màmá Síìpù?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe síìpù ló mú kí àwọn èèyàn máa ti ọ̀nà jíjìn wá bá a. Àpò ìkọ̀kọ̀ ni. Yóò tú aṣọ inú báàgì ní igun kan, yóò rán àpò pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tí ẹni náà bá fẹ́ tọ́jú á wọ ibẹ̀, yóò wá fi ọwọ́ rán aṣọ náà padà pẹ̀lú òwú tí àwọ̀ rẹ̀ kò fi irun kan yàtọ̀ sí ti aṣọ. Ẹ fi ojú wá a, ẹ ò ní rí i. Ẹ fi ọwọ́ wá a, ẹ ò ní bá a. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wá pọ̀ sí jù ni pé, bó bá ti rán an tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta, yóò ta kókó kan sábẹ́ aṣọ, kó tó máa bá a lọ. "Bí olè bá já ọ̀kan," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, "àwọn kókó yòókù á láwọn ò mọ̀ ọ́n rí." Ìwé-ẹ̀rí ti wọ àpò yẹn, òrùka ìyá àgbà ti wọ̀ ọ́, kọ́kọ́rọ́, fọ́tò, ìwé ilẹ̀. Kì í bi oníbàárà léèrè ohun tó fẹ́ fi síbẹ̀. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló máa ń fún wọn bí wọ́n bá fẹ́ máa lọ: "Ẹni tó bá bi yín ohun tó wà nínú báàgì yín, olè ni. Ẹ má dá a lóhùn."

Ọgbọ̀n ọdún ló fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì. Orúkọ yẹn ti wà lára rẹ̀ kó tó di nọ́ọ̀sì gan-an. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó máa ń jókòó sábẹ́ tábìlì ìyá rẹ̀, tó ń fi èékù aṣọ di ọwọ́ báàgì tó kán, tó ń sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́, kò ní dùn ẹ́ mọ́." Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún un nígbà náà ni kó máa tú rírán àtijọ́. Eyín rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ yára ju irin ìyá rẹ̀ lọ. Ó dàgbà, ó kàwé, ó di nọ́ọ̀sì, ó sì fi ọdún méjì gbáko wá iṣẹ́ kó tó di pé ilé ìwòsàn ńlá kan nílẹ̀ òkèèrè kọ̀wé pé àwọn gbà á. Ìwé náà dùn, àmọ́ ó le. Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí i. Bí wọn ò bá rí i, ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀ ni wọn yóò pè. Ọkọ̀ òfurufú tó lè gbé e débẹ̀ ṣáájú ọjọ́ Ajé kò ju ẹyọ kan lọ, ti òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ìkejì di Ọjọ́bọ̀.

Inú Màmá Síìpù dùn débi tó fi rán síìpù pupa mọ́ báàgì aláwọ̀ ewé lọ́sẹ̀ yẹn, tí oníbàárà sì gbà á bẹ́ẹ̀, torí kò fẹ́ ba inú dídùn ìyá jẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Fóònù Nọ́ọ̀sì ni. Fóònù yẹn kì í gbé iná dúró. Ìyá á pè é lọ́sàn-án, ẹ̀rọ á ní ẹni tí ẹ ń pè kò sí lórí ìlà. Á pè é nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

"Ṣé fóònù ni àbí bíríkì?" ni ìyá máa ń bi í.

"Màmá, iná ẹ̀ ló kú."

"Ìgbà wo ló yè rí?"

Nílé, kò burú, wọ́n á ṣáà pàdé nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìlú òkèèrè ńkọ́? Ibi tí kò mọ ẹnì kankan? Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Síìpù dìde lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lọ, níbi tí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ṣájà ti ń tún fóònù ṣe.

"Ṣájà, bá mi wá páwá báǹkì kan. Èyí tó lágbára gidi."

"Ó wà, Màmá. Èyí, ó lè jí fóònù tó ti kú dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ṣé ìrìn-àjò ni?"

"Ṣé mo bi ẹ́ léèrè ibi tí ìwọ ń lọ lánàá?"

"Ẹ má bínú o, Màmá. Mo kàn bi yín ni."

Ó kàn bi í ni! Bí Màmá Síìpù bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìrìn-àjò ni, ọkọ̀ òfurufú ni, Ṣájà ì bá ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kó sọ fún un, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu Màmá Síìpù àti àpò rẹ̀, ìkọ̀kọ̀ ni àwọn méjèèjì.

Ó rán àpò aṣọ kékeré kan fún páwá báǹkì náà, oníbọ́tìnnì, ó fi òwú pupa kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i lára: PÈ MÍ. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí báàgì búlúù ńlá tí Nọ́ọ̀sì fẹ́ gbé rìn, báàgì tí òun fúnra rẹ̀ tún ṣe láti táyà dé ìdìmú. Àpò ìkọ̀kọ̀ tó dára jù nínú gbogbo èyí tó ti rán ló rán sí igun òsì nísàlẹ̀, ó sì sé páwá báǹkì mọ́bẹ̀. Kókó méje. Ó fi ọwọ́ ra ojú ibẹ̀, òun gan-an ò rí i mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ti rò ni pé, bí ọmọ bá gúnlẹ̀ tó pè, òun á sọ fún un pé: wá sísọ́ọ̀sì, wo igun òsì. Kó wá gbọ́ bí yóò ṣe pariwo!

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyá àti ọmọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé nǹkan mímú kì í wọ ibẹ̀, nítorí náà Màmá Síìpù fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó fi irin tó fi ń tú rírán sílẹ̀, ó tiẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀. Ṣe ni ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó gbàgbé bàtà sílé.

Àwọn ẹlòmíì bá dé pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á máa wo èèyàn. Báàgì ni Màmá Síìpù ń wò. "Wò ó, Nọ́ọ̀sì, táyà mi nìyẹn! Wo dúdú tó ń lọ yẹn, èmi ni mo rán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀." Ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó dé ìdí káńtà tí wọ́n ti ń gba ẹrù, ó sì ń mi orí sí wọn bí ẹni ń kí ọmọ tó ti kúrò nílé.

"Màmá, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Wọ́n gbọ́ ni?"

Ìyá dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n fi pààlà níbẹ̀. Ọmọ gbé báàgì sórí òṣùwọ̀n. Obìnrin ìdí káńtà, tó wọ aṣọ iṣẹ́ mímọ́ tónítóní, wo ìwé, ó wo ojú Nọ́ọ̀sì, ó ní:

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ di báàgì yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé páwá báǹkì wà nínú ẹ̀, tàbí bátírì kankan tí kò sí nínú ẹ̀rọ?"

"Rárá o. Mi ò tiẹ̀ ní páwá báǹkì."

Màmá Síìpù gbọ́ ọ kedere. Ẹ wò ó, ohun tó yẹ kó ṣe nígbà yẹn ò ju kó gbé ọwọ́ sókè lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ọgbọ̀n ọdún ti kọ́ ọ? Ẹni tó bá bi yín ohun tó wà nínú báàgì yín, olè ni. Ó wo obìnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, Ẹ ò rí i bó ṣe múra dáadáa! Páwá báǹkì ló tiẹ̀ dìídì dárúkọ! Orí rẹ̀ wú pé ọmọ òun dáhùn dáadáa láìmọ̀. Báàgì búlúù bọ́ sórí bẹ́líìtì rọ́bà, ó yí lọ, ó wọ inú ihò lára ògiri, ó di àwátì.

Wọ́n jókòó. Aago ara ògiri sọ pé mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni wọn yóò ti káńtà.

Wọn ò tíì jókòó gbóná tí ọkùnrin kan fi jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, ó fa báàgì búlúù lọ́wọ́, ó ń pe orúkọ tó wà lára ìwé Nọ́ọ̀sì. Ayẹrùwò ni, ẹni tó ń wo inú ẹrù nídìí ẹ̀rọ. Ó mú Nọ́ọ̀sì wọ yàrá kékeré kan tí ògiri rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ìyá tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí, wọ́n bi yín, ẹ ní kò sí páwá báǹkì."

"Kò sí, sà."

Ó yí ojú ẹ̀rọ sí i. Inú báàgì hàn gbangba nínú àwòrán aláwọ̀ mèremère: bàtà hàn, ìwé hàn, ìwọ̀n ìgbóná ara hàn. Ní igun òsì nísàlẹ̀, nǹkan kan jókòó bíi bíríkì, dúdú, onígun mẹ́rin, pẹ̀lú okùn tín-ínrín nínú.

"Kí wá nìyí?"

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. "Sà, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ tú u."

Ó kó gbogbo ẹrù jáde. Aṣọ iṣẹ́ funfun mẹ́rin, tí ìyá rẹ̀ lọ̀ pẹlẹbẹ bí ìwé, wọ́n di ìdìpọ̀ sórí tábìlì. Báàgì ṣófo. Kò sí nǹkan. Ayẹrùwò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tẹ igun òsì, ó mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan le níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ojú ibi tó gbà wọlé. Ó fi èékánná wá a. Ó fi iná fóònù wá a. Ó lóun ti ń tú báàgì láti ọdún mẹ́tàlá, òun ò rí irú èyí rí.

Ní ẹnu ọ̀nà, kí Ọlọ́run má ṣe kà á sí i lọ́rùn, inú Màmá Síìpù kọ́kọ́ dùn. Ọdún mẹ́tàlá! Kò rí i! Lẹ́yìn náà ló rí ojú ọmọ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín," ni ayẹrùwò wí, ohùn rẹ̀ ò ṣe eré mọ́. "Bó bá ṣe pé ẹ gbàgbé ẹ̀ sáàárín aṣọ ni, a ó yọ ọ́, ẹ ó gbé e dání, ẹ ó lọ. Ojoojúmọ́ la ń rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rán mọ́nú báàgì, tí ẹni tó ni ín sì ní kò sí, mo gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá mi ni. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀."

"Yóò pẹ́ tó báwo, sà?"

"Ọkọ̀ yìí á ti lọ."

Nọ́ọ̀sì kàn mú aṣọ iṣẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, ó ká a, ó tú u, ó tún un ká.

Màmá Síìpù wọlé. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, òun gan-an ni wọ́n lè mú. Síbẹ̀, ó sọ ọ́.

"Ọ̀gá, èmi ni mo rán an."

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Báàgì ni mò ń tún ṣe. Fóònù ẹ̀ ló máa ń kú, mo fẹ́ kó máa rí iná pè mí. Mo fẹ́ yà á lẹ́nu ni."

"Màmá!" Nọ́ọ̀sì ju aṣọ sílẹ̀. "Ẹ wà lẹ́yìn okùn níbẹ̀ yẹn! Ẹ gbọ́ nígbà tí wọ́n bi mí! Ẹ gbọ́!"

"Mo rò pé olè ni obìnrin yẹn."

"Olè? Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀, tó so káàdì mọ́rùn?"

"Ẹni tó bá bi ẹ́ ohun tó wà nínú báàgì ẹ..."

Ayẹrùwò fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọn ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ikọ́. Nígbà tó mú ọwọ́ kúrò, ó fa àga kan, ó ní kí ìyá jókòó, kò jókòó.

"Màmá, ẹ gbọ́. Kì í ṣe pé a ń ṣọ́ páwá báǹkì yín. Ohun tó wà nínú ẹ̀, bó bá já lulẹ̀, tí ẹrù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí tí irin kan ojú ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀, ó lè gbóná, kó máa rú èéfín, kó gbiná. Bó bá gbiná níbi tí èrò jókòó sí, wọ́n á rí i, wọ́n á gbọ́ òórùn ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ á pa á. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kí èèyàn gbé e dání. Ṣùgbọ́n nínú ikùn ọkọ̀, láàárín ẹrù, nínú òkùnkùn, ta ló fẹ́ rí i?"

Màmá Síìpù wo igun òsì báàgì náà. Àpò tó dára jù láyé rẹ̀. Ẹ fi ojú wá a, ẹ ò ní rí i. Iná á jókòó síbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, ọmọ rẹ̀ á jókòó sókè rẹ̀, á so bẹ́líìtì mọ́ ìdí, á máa wo ìkùukùu.

"Ẹ bá mi yọ ọ́," ló wí. "Ẹ yọ ọ́ kíá."

Ayẹrùwò fa ọ̀bẹ kékeré kan yọ nínú dúrọ́ọ̀. "Màá kàn là á ni. Bí mo bá rí i pé ohun tí ẹ sọ ló wà níbẹ̀, kò tún sí pé à ń pe ọ̀gá."

"Ẹ má là á! Aṣọ yẹn kan náà ló di ẹ̀yìn ẹ̀ mú. Bí ẹ bá là á, ike ẹ̀yìn á ṣí, báàgì yẹn ò ní débẹ̀ ní odindi. Ẹ jẹ́ kí n tú u."

"Pẹ̀lú kí ni?"

Ó nawọ́ sọ́rùn aṣọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ò sí níbẹ̀. Ó wo aago lára ògiri gíláàsì. Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ló bá kúnlẹ̀, ó ki orí bọ inú báàgì, ó fi ahọ́n wá kókó àkọ́kọ́, ó sì gé e jẹ.

Ó fa òwú. Òwú wá ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré, ó dúró. Kókó kejì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

"Kókó mélòó ni, Màmá?" Ohùn Nọ́ọ̀sì ṣì ń bínú.

"Méje." Láti inú báàgì, ohùn rẹ̀ dún bí ẹni tó wà nínú àgbá.

"Méje! Kí lẹ fẹ́ sé mọ́bẹ̀, kìnnìún?"

Ṣùgbọ́n ó ti kúnlẹ̀ nìyẹn. Ó gba òdìkejì báàgì wọlé, ó fi ìka ra aṣọ gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe lábẹ́ tábìlì láti ọmọ ọdún méje, ó bá kókó ìkẹyìn, ó fi eyín mú un. Ìyá ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ ń bọ̀ láti òpin. Àwọn èrò tó ń kọjá lẹ́yìn gíláàsì dúró wo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti báàgì tó gbé orí èèyàn méjì mì. Ayẹrùwò di iná fóònù mú fún wọn lókè, ó ń sọ pé, "Ó ku mẹ́rin. Ẹ rọra o. Ó ku mẹ́ta," bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Ìdí kókó kẹrin ni wọ́n ti forí gbárí.

"Yéè!"

"Pẹ̀lẹ́," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó sì fi ọwọ́ pa iwájú orí ìyá rẹ̀ láìrò ó. "Kò ní dùn yín mọ́."

Aṣọ ṣí. Màmá Síìpù fa àpò kékeré náà jáde, ó gbé e lé ayẹrùwò lọ́wọ́. Ayẹrùwò ka ọ̀rọ̀ pupa ara rẹ̀. PÈ MÍ. Ó wo ìyá. Ó ṣí bọ́tìnnì, ó yọ páwá báǹkì, ó yí i dé ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà kéékèèké sí, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin," ó wí. "Wáàtì-wákàtì nìyẹn, bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó. Bí kò bá ti ju ọgọ́rùn-ún lọ, kò burú. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, àfi kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bó bá sì jẹ́ èyí tí nọ́ńbà ara ẹ̀ ti pa rẹ́ ni, ibí yìí ni ì bá sùn." Ó dá a padà sínú aṣọ rẹ̀, ó de bọ́tìnnì. "Àpò yìí tiẹ̀ dáa gan-an, irin kankan ò ní kan ojú ẹ̀. Àǹtí, ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ yín tó o, ẹ má gbé e sí àjà òkè orí. Ẹ má sì fi gba iná sí fóònù nínú ọkọ̀, ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá sọ̀."

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n rọ́ ẹrù padà, aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ bí ìwé di èyí tó rún wómúwómú. Aṣọ inú báàgì ń fì ní igun òsì bí etí ajá, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí òwú, Màmá Síìpù sì dì í pa bẹ́ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tí iṣẹ́ tí kò parí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa síìpù, ṣìììì. Síìpù, ó kéré tán, kò dójú tì í.

Obìnrin ìdí káńtà ti ń pa ojú ẹ̀rọ rẹ̀ dé nígbà tí wọ́n sáré dé. Ó wo ayẹrùwò, ayẹrùwò mi orí, ó tún un ṣí.

"Mo tún gbọ́dọ̀ bi yín," ó wí. "Ṣé páwá báǹkì wà nínú báàgì yìí?"

"Kò sí," ni Màmá Síìpù dáhùn láti ẹ̀yìn okùn kí ọmọ rẹ̀ tó la ẹnu. "Ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Ẹ má bínú, ọmọ mi, mo ti pè yín lólè nínú ọkàn mi."

Obìnrin náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yé e, ó lẹ ìwé mọ́ báàgì.

Nọ́ọ̀sì dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó sáré, ó lọ. Ní ẹnu ọ̀nà tí wọn kì í jẹ́ kí ìyá gbà, ó yíjú padà, ó na àpò kékeré náà sókè kí ìyá lè rí ọ̀rọ̀ pupa náà. Ìyá mi orí, mi orí, títí tí kò fi sí ẹni tó ń mi í sí mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá Síìpù ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ bó ti máa ń ṣí i. Ó ti pè nígbà mẹ́fà. Ẹ̀rọ ní ẹni tí ẹ ń pè kò sí lórí ìlà. Ó gbé fóònù ka orí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó yí ojú rẹ̀ sókè.

Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé ni káfíńtà kan tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ ṣiṣẹ́ níbòmíì, ó ní kí wọ́n bá òun rán àpò ìkọ̀kọ̀ sínú báàgì. Màmá Síìpù wo báàgì, ó wo káfíńtà.

"Kí lẹ fẹ́ fi síbẹ̀?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá bi wá..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Dá mi lóhùn."

"Bátírì ẹ̀rọ tí mo fi ń lu ihò sí igi ni. Méjì. Wọ́n ń jí i."

"Ṣájà!" Màmá Síìpù pariwo sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́. "Wá bá mi wo nọ́ńbà kan!" Ó yíjú sí káfíńtà. "Ọwọ́ lẹ ó fi gbé e. Màá rán àpò kan fún un, méjì, kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, oníbọ́tìnnì. Gbangba ni yóò wà. Kí gbogbo ayé máa rí i."

Ibi tó ti ń wọn aṣọ ni fóònù ti ké. Ìwọ̀n já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì!"

"Màmá, mo ti dé! Àtàná ni mo ti fẹ́ pè, síìmù ibí ni mi ò rí rà àfi láàárọ̀ yìí. Wọ́n rí mi ní aago méje òótọ́! Mo wà nílé ìwòsàn báyìí, wọ́n ti fún mi ní káàdì."

"Iná fóònù ẹ ńkọ́?"

"Ọgọ́rùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún."

Màmá Síìpù jókòó sórí àga, ó tún dìde, ó tún jókòó. Ṣájà àti káfíńtà ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí.

"Màmá, aṣọ inú báàgì yẹn ṣì ń fì. Wọ́n ní tẹ́lọ̀ kan wà nítòsí ibí, ṣé kí n ní kó bá mi rán an?"

"Tẹ́lọ̀ wo?" Ohùn rẹ̀ le. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan báàgì mi. Jẹ́ kó máa fì bẹ́ẹ̀. Tó o bá wálé, màá rán an."

"Kókó mélòó lẹ ó ta?"

Ó wo àwọn síìpù ara ògiri, ó rò ó.

"Ìwọ ṣáà kọ́kọ́ wálé ná," ló wí. "A jọ máa kà á."